Mélòó Ló Ṣáájú Èló: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Owó Òrùlé

Ọ̀rọ̀ òrùlé ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá fún àwọn tí ògiri ilé wọn ti dúró, tí wọ́n ń wo sánmà, tí wọ́n tún ń wo àpò.

Ìbéèrè méjì kan wà nínú èdè wa tí àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè fẹ́ràn láti máa tú wò. Bí owó ni a fẹ́ mọ̀, a ó ní, "Èló ni?" Bí iye nǹkan ni a fẹ́ mọ̀, a ó ní, "Mélòó ni?" Àwọn onímọ̀ èdè ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà mú ló fara pamọ́ sínú m tó wà níwájú mélòó, gẹ́gẹ́ bó ṣe fara pamọ́ sínú méjì àti mẹ́ta. Ẹni tó ń bèèrè mélòó ń bèèrè ohun tó fẹ́ mú. Ẹni tó fẹ́ kan òrùlé gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fẹ́ mú kó tó bèèrè owó rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: mélòó ló ṣáájú èló.

Òdì kejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣe. Wọ́n á pe káfíńtà, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, èló ni òrùlé yìí máa gbà?" Káfíńtà á gbójú sókè wo ògiri, á wo ojú onílé, á sì dá iye kan. Bí iye náà bá pọ̀ jù, owó àwọn ọmọ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá kéré jù, ìyẹn gan-an ló burú jù.

Àǹtí mi kan tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Jọ́ọ̀sì fi owó ìfẹ̀yìntì wọn kọ́ ilé oníyàrá méjì. Nígbà tó kan òrùlé, ẹni tó ń bá wọn ṣètò wọn ilẹ̀ ilé náà, ó sì ra páànù gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ilẹ̀. Páànù tán nígbà tí apá kan ilé ṣì ṣí sílẹ̀. Kí owó míì tó jáde, oṣù méjì ti kọjá. Owó páànù ti gòkè, àwọ̀ tí wọ́n rà tẹ́lẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, òjò sì ti rin igi tí wọ́n kàn. Òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí leji ń pa.

Ìṣirò tí ì bá gba àǹtí mi kò le. Ìwé kan, bírò kan, rúlà ọmọ ilé ìwé àti téèpù ti tó.

Òrùlé kì í ṣe ilẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Láti ẹ̀yìn ògiri dé ẹ̀yìn ògiri, ó gùn ní mítà 10.8, ó sì fẹ̀ ní mítà 6.8. Ilé oníyàrá méjì tó ní pálọ̀ àti ilé ìdáná nìyẹn. 10.8 lọ́nà 6.8 jẹ́ sìkúwíà mítà 73 àti díẹ̀. Sìkúwíà mítà kan ni ojú ibi tó jẹ́ mítà 1 lóòró, mítà 1 níbùú. Ẹni tó bá ra páànù sìkúwíà mítà 73 ti wọ gbèsè láìmọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó gbàgbé ni etí òrùlé. Òrùlé gbọ́dọ̀ yọ kọjá ògiri kí òjò má baà máa fọ ògiri. Ká ní ó yọ ní sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Gígùn di mítà 12, fífẹ̀ di mítà 8. Ilẹ̀ tí òrùlé bò ti di sìkúwíà mítà 96.

Ohun kejì ni ìdagẹ̀rẹ̀. Òrùlé olójú méjì ní góńgó láàárín, ojú kan dagẹ̀rẹ̀ síbí, ojú kejì dagẹ̀rẹ̀ sọ́hùn-ún. Láti etí dé abẹ́ góńgó jẹ́ ìdajì fífẹ̀, ìyẹn mítà 4. Ká ní góńgó ga ju etí lọ ní mítà 3. Bí ẹ bá fi téèpù wọn ojú ìdagẹ̀rẹ̀ náà, mítà 5 géérégé ni. Àwọn bíríkìlà mọ 3, 4, 5 yìí bí ẹni mowó, nítorí òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá igun ìpìlẹ̀ dọ́gba. Ojú òrùlé kan wá jẹ́ 12 lọ́nà 5, ìyẹn 60. Ojú méjèèjì jẹ́ sìkúwíà mítà 120.

Ẹ fi 120 wé 73 tí a rí nílẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ju 46 lọ. Ibi tí òrùlé àǹtí mi ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Tí nọ́ńbà ilé yín kò bá rọrùn bíi 3, 4, 5, ẹ má dààmú. Ẹ pe ọmọ yín tó wà ní girama, kó mú ìwé onílà wá. Kó fi sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún mítà 1. Kó fa ìlà tó dúbúlẹ̀ fún ìdajì fífẹ̀, kó fa èyí tó dúró ṣánṣán fún gíga góńgó, kó wá so orí wọn pọ̀. Rúlà tó bá fi wọn ìlà kẹta yìí ni yóò sọ gígùn ìdagẹ̀rẹ̀ fún yín. Ìlànà Pythagoras tí wọ́n ń kọ́ wọn níléèwé nìyẹn, ó kàn gun orí ilé ni.

Àwòrán kan náà yóò jẹ́ kí ẹ mọ iye tí àṣà ń ná yín. Òrùlé tó ga fíofío ló wà lóde báyìí. Lórí ilé wa yìí, bí góńgó bá ga ní mítà 2 péré, òrùlé á jẹ́ bíi sìkúwíà mítà 107. Bí ẹ bá gbé e dé mítà 4, á di 136. Ìyẹn fi bíi 29 ju èyí àkọ́kọ́ lọ, yàrá kankan kò sì kún ilé. Mi ò ní kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ o. Òrùlé tó tẹ́ jù kì í tètè da omi nù, atẹ́gùn sì lè ti òjò padà sábẹ́ páànù. Ṣùgbọ́n ẹ mọ iye tí ẹ ń san fún ẹwà kí ẹ tó yàn án.

Páànù: ohun tó bò ni ká kà

Páànù méjì máa ń gun ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, fífẹ̀ tí ẹ rí lọ́wọ́ oníṣòwò kì í ṣe fífẹ̀ tó máa bo ilé yín. Ká ní páànù kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, tí 5 nínú rẹ̀ wà lábẹ́ èkejì. 75 ló ṣẹ́ kù tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi 0.75 pín gígùn ilé tó jẹ́ 12, ẹ ó rí 16. Páànù 16 fún ojú kan, 32 fún ojú méjèèjì.

Bí ó bá jẹ́ páànù gígùn tí ilé iṣẹ́ ń gé gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ ní kí wọ́n gé e ní mítà 5, pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ tí yóò yọ kọjá pákó etí. Ẹ bèèrè bóyá mítà gígùn ni wọ́n ń tà á tàbí sìkúwíà mítà. Bí sìkúwíà mítà bá ni, ẹ bèèrè bóyá fífẹ̀ 80 ni wọ́n fi ṣírò tàbí 75. Lórí mítà 5 géérégé, 32 yìí jẹ́ sìkúwíà mítà 128 bí ẹ bá fi 80 ṣírò, ó sì jẹ́ 120 bí ẹ bá fi 75 ṣírò. Òrùlé kan náà ni. Ẹni tó bá pe oníṣòwò méjì láìbèèrè èyí lè rò pé ọ̀kan pọ́n jù, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà ìṣirò wọn ló yàtọ̀.

Bí ó bá jẹ́ páànù kúkúrú tí wọ́n ń tà ní ìdì, ìṣirò rẹ̀ gba sùúrù díẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn bíi mítà 2.4. Bí ọ̀kan bá gun èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 15, páànù méjì á bo mítà 4.65. Ìdagẹ̀rẹ̀ wa jẹ́ 5. Ó ku sẹ̀ǹtímítà 35, pẹ̀lú 15 fún ìgunra, ìyẹn 50. Ẹ má fi odindi páànù dí àlàfo yìí. Páànù kan ṣeé gé sí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60. Bí a bá tún fi fífẹ̀ 75 ṣírò, ojú kan á gba 32 àti 4 tí a gé, ìyẹn 36. Ojú méjèèjì gba 72. Ìdì páànù sábà máa ń jẹ́ 20, nítorí náà, ìdì 3 àti páànù 12 ni. Ẹ tún ka ohun tó wà nínú ìdì kí mọ́tò tó gbéra.

Òrùlé olójú mẹ́rin ńkọ́? Bí ìdagẹ̀rẹ̀ gbogbo ojú rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti olójú méjì, ìwọ̀n ojú òrùlé kò yí padà. Ohun tó yí padà ni àgékù. Páànù yóò máa di ẹlẹ́nu ṣónṣó ní gbogbo igun, ìgékù yóò pọ̀, ìbòrí góńgó náà yóò sì gùn sí i. Bí yàrá kan bá tún yọ síwájú tí òrùlé méjì sì pàdé ní kòtò, ẹ fi páànù tó ń gba omi nínú kòtò náà kún ìwé yín. Gbogbo igun tí ẹ bá fi kún òrùlé ló ní owó tirẹ̀.

Igi: àlàfo 9, igi 10

Ká ní káfíńtà yóò gbé férémù igi kan sí gbogbo mítà 1.2 lórí ògiri tó gùn ní 10.8. 10.8 tí a bá fi 1.2 pín jẹ́ 9. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ 9 sílẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo ni 9. Igi wà ní ìbẹ̀rẹ̀, igi wà ní ìparí: 10 ni férémù. Ẹ fi ìka ọwọ́ yín wò ó: ìka 5, àlàfo 4.

Férémù kọ̀ọ̀kan ní igi ìdagẹ̀rẹ̀ méjì, èyí tí káfíńtà ń pè ní ráfítà, àti ọ̀kan tó dábùú láti ògiri dé ògiri. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni igi tí wọ́n máa ń tà ní pákó-ọjà wa, ìyẹn mítà 3.66. Ráfítà mítà 5 gba odindi igi kan àti ìdajì, pẹ̀lú ibi tí wọn yóò ti gun ara wọn. Ráfítà 20 gba igi 30. Èyí tó dábùú jẹ́ mítà 6.8, igi méjì ni, nítorí náà férémù 10 gba 20. Káfíńtà ni yóò sọ iye igi tó máa dúró láàárín férémù, àti bí igi ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Tí ilé yín bá fẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà wò ó.

Lẹ́yìn èyí ni igi tó nà gbọọrọ lórí ráfítà, tí a ń kan páànù mọ́. Bí wọn yóò bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 90 síra wọn, ìdagẹ̀rẹ̀ 5 gba àlàfo 6, ìyẹn ìlà 7. Ojú méjèèjì gba ìlà 14, ọ̀kọ̀ọ̀kan mítà 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 168. Ẹ fi 3.66 pín in, ó di 46. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí oríkèé àti àgékù, ó di 51.

Pákó etí ńkọ́? Etí méjì jẹ́ mítà 24, ẹ̀gbẹ́ ìdagẹ̀rẹ̀ mẹ́rin jẹ́ 20. Mítà 44 gba pákó 13, nítorí 12 kò tó, ó fi sẹ̀ǹtímítà 8 péré dín. Àlàfo bí ẹ̀bátí ọwọ́ lè rán ọmọ padà sọ́jà.

Àwọn kéékèèké tó ń jẹ owó

Ìbòrí góńgó: mítà 12. Bí ọ̀kan bá jẹ́ mítà 2, tó ń gun èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 15, 7 ni ẹ ó rà.

Ìṣó páànù: páànù 32, ìlà igi 7, ìṣó 3 ní ibi tí wọ́n ti pàdé. 32 lọ́nà 7 lọ́nà 3 jẹ́ 672. Ẹ ka ìṣó inú páálí kan, ẹ ó mọ páálí tí ẹ ó rà. Kí ìṣó náà ní rọ́bà lábẹ́ orí, torí ihò ìṣó ni omi sábà máa ń gbà wọlé. Ìṣó igi dá dúró ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ikán, owó mọ́tò, owó alágbàrù àti owó iṣẹ́ káfíńtà. Ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilé àtijọ́ tí òrùlé tàbí àjà rẹ̀ jẹ́ asbestos ni ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ fi owó ìtúlẹ̀ kún un. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wà nítòsí. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn rẹ̀ sì lè má hàn títí ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà rin ín lómi, kó tú u ní odindi.

Nínípọn: ibi tí ojú ti ń tàn wá jẹ

Páànù àlùmíníọ̀mù tí wọ́n sábà ń tà lọ́jà nípọn ní mìlímítà 0.45, 0.55 tàbí 0.7. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ 0.45 sí 0.55, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n mọ̀ ọ́n. Àlùmíníọ̀mù pẹrẹsẹ sìkúwíà mítà kan tó nípọn ní 0.55 wúwo tó bíi kìlógíráàmù 1.5. Ti 0.45 kò ju bíi 1.2 lọ. Ẹni tó bá ta 0.45 fún yín lówó 0.55 ti yọ bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ẹ san owó rẹ̀. Irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń wọn nínípọn wà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì, ẹ yá a lọ sọ́jà.

Ẹ fi ibi tí ẹ ń gbé náà sọ́kàn. Páànù irin tí wọ́n fi síńkì bò dẹ̀ sówó, ṣùgbọ́n nígbà tí síńkì rẹ̀ bá tán, ó ń dípẹtà. Ẹni tó bá gun Òkè Màpó ní Ìbàdàn yóò rí òrùlé pípọ́n bẹẹrẹ nísàlẹ̀, ìpẹtà ni. Létí òkun, ní Èkó, Bàdágìrì, Kùtọnu tàbí Lomé, atẹ́gùn oníyọ̀ ń mú ìpẹtà yára. Owó tí ẹ fi pamọ́ lónìí lè jẹ́ owó òrùlé míì lọ́la.

Nísinsìnyí, èló ni?

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé mi ò tíì dárúkọ Náírà kan. Ìwé tí ẹ ní lọ́wọ́ báyìí kò lè gbó: páànù 32, igi 50, igi 51, pákó 13, ìbòrí 7, ìṣó 672. Iye owó ni ń gbó. Láti Oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye Náírà sí dọ́là, ohun tó bá ti òkè òkun wá lè yí owó padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò tàbí Ivory Coast ní ìsinmi díẹ̀, torí iye kan náà ni faransì CFA sí Yúróò, 655.957, ṣùgbọ́n owó àlùmíníọ̀mù lágbàáyé ṣì ń gòkè, ó ń sọ̀.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé kan náà lọ bá oníṣòwò mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. Kí wọ́n kọ owó sí iwájú ohun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ déètì, kí wọ́n kọ nínípọn páànù, kí wọ́n sì sọ iye ọjọ́ tí owó náà yóò fi dúró. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n máa gba èyí tó bá ṣẹ́ kù padà. Ẹ sọ owó kọ̀ọ̀kan di ọ̀nà iye rẹ̀, ẹ ro ó pọ̀, ẹ wá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ fún ohun tí ojú kò rí.

Bí owó kò bá pé lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ́kọ́ ra páànù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọ̀ má baà yàtọ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, kí ó gbẹ, kí sìmẹ́ńtì má kàn án. Igi ni kí ẹ rà gbẹ̀yìn, nígbà tí káfíńtà ti ṣetán, torí ikán kì í dúró de àjọ oṣù tó ń bọ̀.

Nígbà tí káfíńtà bá dé, ẹ jókòó tì í, ẹ ka ìwé náà fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ó bá ní igi 51 kò tó, ẹ ní, "Ẹ jọ̀wọ́ ọ̀gá, ẹ kà á fún mi." Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á kà á, ẹ ó sì kọ́ ohun tí ẹ kò mọ̀. Ẹni tí kò lè kà á ti dá yín lóhùn.